Láti Adó-Èkìtì dé Lọ́ńdọ̀nù: ó jìnnà tó mélòó, wákàtí mélòó sì ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Òkèṣà, nílùú Adó. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan tí ariwo rẹ̀ ju ti bàálù lọ. A máa ń bá èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, a sì máa ń bá wọn tẹ ìwé. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kò ní jókòó síwájú mi kó bi mí pé, “Ọmọ mi, wákàtí mélòó ni Lọ́ńdọ̀nù?” Bí mo bá ti sọ pé mẹ́fà àbọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé kò wá ju Adó sí Èkó lọ nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí, kí n lè sinmi díẹ̀.

Kìlómítà mélòó ló wà láàárín Adó-Èkìtì àti Lọ́ńdọ̀nù?

Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Adó dé pápákọ̀ òfurufú Heathrow, yóò fò bíi 4,900 kìlómítà. Bó bá jẹ́ láti Ìkẹjà ló ti gbéra, yóò fò bíi 5,000. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ kò ṣì í kà. Adó súnmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Èkó lọ pẹ̀lú nǹkan bí 100 kìlómítà, torí pé àríwá ni Lọ́ńdọ̀nù wà sí wa, Adó sì wà lápá àríwá Èkó.

Àmọ́ Èkó ni bàálù wà. Nítorí náà, ará Èkìtì tó ń lọ sí àríwá ayé yóò kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn síbi tó ń lọ. Ó dà bí ẹni tó ń lọ sí Ìfàkì láti Adó tó wá gba Ìkẹ́rẹ́. Adó sí Ìkẹjà jẹ́ bíi 240 kìlómítà bí a bá fa okùn tààrà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ kì í ṣe okùn. Ó ń yí òkè, ó ń wọ ìlú, ó sì ju 300 lọ dáadáa, yálà ẹ gba Arámọkọ sí Iléṣà tàbí ẹ gba Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́.

Wákàtí mélòó ni bàálù ń lò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù?

Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn, tí kò bá dúró níbì kankan. Ó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dín, ó sì lè fi díẹ̀ lé.

Wọ́n ní bàálù ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí mo bá fi pín 5,000, kò tó wákàtí mẹ́fà. Ta ló jí ìyókù?

Ọmọ iléèwé gíga kan ló bi mí ní èyí, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ pé: wákàtí márùn-ún àti bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ṣùgbọ́n 900 yẹn, ìgbà tí bàálù bá ti gòkè tán tó wá ń lọ geere ló ń sá a. Kó tó débẹ̀, yóò rọra yí lórí ilẹ̀ ní Ìkẹjà, yóò tò sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò gbéra, yóò sì máa gòkè fún bí ìlàjì wákàtí. Bó bá kù díẹ̀ kó dé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀. Wákàtí tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó dúró sí, ó sì parí nígbà tó bá dúró pátápátá lọ́hùn-ún.

Heathrow tún wá ní tirẹ̀. Ọ̀nà méjì péré ni bàálù ń gbà balẹ̀ tàbí gbéra níbẹ̀, èrò sì pọ̀. Ibi mẹ́rin ló wà lójú òfurufú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti máa ń ní kí bàálù máa yípo títí yóò fi kàn án. Bí ẹ bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé tí ẹ rí odò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má bẹ̀rù, awakọ̀ kò sọnù. Ó wà lórí ìlà bí àwa ṣe máa ń wà ní ilé epo ni.

Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì mi fi fi wákàtí márùn-ún àbọ̀ hàn ní lílọ, tó wá fi méje àbọ̀ hàn ní bíbọ̀?

Agogo ló ń tàn yín jẹ. Gbogbo aago tí wọ́n bá kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà lásìkò yẹn ni. Agogo Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú GMT, ìyẹn agogo tí Ìlú Ọba ń lò nígbà òtútù wọn, láti ọdún dé ọdún, a kì í yí i. Àwọn ará Ìlú Ọba ń yí tiwọn. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á sún un síwájú ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá a padà. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, agogo wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà òtútù wọn, àwa fi wákàtí kan ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú oṣù kìíní. Ẹ gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lẹ́yìn náà, agogo ọwọ́ yín sọ pé aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ti ara ògiri Heathrow sọ pé mẹ́rin àbọ̀. Ẹni tó bá fi mọ́kànlá yọ kúrò nínú mẹ́rin àbọ̀ yóò rí wákàtí márùn-ún àbọ̀, inú rẹ̀ á sì dùn lásán. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, wákàtí kan yẹn á tún jáde: ẹ gbéra ní mọ́kànlá tiwọn, ẹ balẹ̀ ní méje ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú alẹ́ tiwa. Bàálù kò yára, kò sì falẹ̀. Ní oṣù keje, ìṣirò méjèèjì á bára mu.

“00:30 ọjọ́ Ẹtì.” Ọjọ́ wo ni kí n lọ sí pápákọ̀?

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí díẹ̀, torí pé èyí ti mú èèyàn sunkún níwájú mi.

Bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ra tíkẹ́ẹ̀tì níbòmíràn. Wọ́n kọ 00:30 síbẹ̀, ọjọ́ Ẹtì. Bàbá kúrò ní Adó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú aṣọ òkè rẹ̀ àti fìlà, àwọn ọmọ sìn ín dé gáréèjì, wọ́n ya fọ́tò. Ìgbà tó dé Ìkẹjà lálẹ́ ni ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo ìwé náà, ó wo ojú bàbá, ó tún wo ìwé náà. “Dádì, àná ni bàálù yín lọ.” Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí bàbá ṣì ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀ ní Básírì, bàálù ti kọjá lórí aṣálẹ̀.

Òru ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Àwa Yorùbá ń pe aago kan òru mọ́ ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, a ó ní “lóru Ọjọ́bọ̀”. Àwọn oníbàálù ń pè é mọ́ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: bí aago orí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00, 01 tàbí 02, mo máa ń fi báírò pupa kọ ọjọ́ tí ẹ máa kúrò nílé sí orí ìwé náà, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. 22:40 kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀: ẹ yọ 12, aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú alẹ́ ni.

Aago mélòó ni kí n kúrò ní Adó?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí, òun sì ni wọn kì í sábà béèrè.

Lílọ sí òkè òkun, wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí bàálù tó gbéra ni kí ẹ ti wà ní pápákọ̀. Wọ́n sábà máa ń pa káńtà ní bíi wákàtí kan ṣáájú, bí wọ́n bá sì ti pa á, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣí i. Ojú ọ̀nà láti Adó lè gba wákàtí mẹ́fà tàbí méje lọ́jọ́ tó bá dára. Ọjọ́ tí kò bá dára, Ọlọ́run ló mọ̀.

Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí, n kò sì ní fi pa mọ́. Mò ń sin ìyá mi lọ sí Ìkẹjà, ó fẹ́ lọ wo ọmọ tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bàálù aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú alẹ́ ni. Mo ní, “Mọ̀mí, ká kúrò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọjọ́ ṣì pọ̀.” Wákàtí mẹ́tàlá àti ogójì ìṣẹ́jú! Ta ni kò ní sọ pé ó tó? A dé Ìbàdàn láìsí ìyọnu. Nígbà tó di apá Ògèrè, ọkọ̀ dúró. Tánkà kan ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí títì, epo sì ń ṣàn. Àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ọkọ̀ pẹ̀lú gàlà àti omi. Mọ̀mí ṣí kúlà rẹ̀, ó tú ewé, iyán ṣì ń gbóná díẹ̀. Ó bù ú fún mi, ó bù fún dẹ́rẹ́bà, ó tún na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé fún ọmọ kan tó ń ta omi. Ó ní, “Ebi kì í jẹ́ kí ọ̀nà yá.” A dé Ìkẹjà ní aago mẹ́sàn-án kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú. Wọ́n ti pa káńtà láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ kẹta, ká sì san owó àyípadà, owó tí n kò fẹ́ rántí.

Látìgbà náà, ohun tí mò ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé bí bàálù bá jẹ́ ti òwúrọ̀, ẹ sùn sí Èkó. Bó bá jẹ́ ti alẹ́, ẹ kúrò ní Adó ní ìdájí, nígbà tí ojú bá ti ń mọ́ tí ẹ lè rí ọ̀nà. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Èkó, ẹ sùn sọ́dọ̀ wọn kódà bí bàálù bá jẹ́ ti alẹ́. Ká jókòó sí pápákọ̀ fún wákàtí márùn-ún kò pa ẹnikẹ́ni. N kò gba ìmọ̀ràn kí ẹ rin ìrìn òru.

Ṣé kò sí bí a ṣe lè yẹra fún ọ̀nà yẹn?

Ó wà, ṣùgbọ́n ó lówó lórí. Láti pápákọ̀ Àkúrẹ́, bàálù kò lò tó wákàtí kan kó tó dé Èkó. Ìyọnu rẹ̀ ni pé bí bàálù Àkúrẹ́ bá pẹ́ tàbí tí kò wá, tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù yín kò mọ ìyẹn, torí pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá máa gba ibẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín méjèèjì.

Pápákọ̀ tiwa náà wà ní ọ̀nà Ìjàn. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí ń parí ìjọba rẹ̀. Mo wà lára àwọn tí inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n kò sí bàálù tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tààrà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín pé ó wà.

Abuja náà ń gbé èrò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tilẹ̀ súnmọ́ ọn ju Èkó lọ, bíi 4,770 kìlómítà. Ẹni tó bá ń gbé ní Ọmùò tàbí Ìkọ̀lé lè rò ó wò. Èmi kì í sábà gba ọ̀nà ibẹ̀ nímọ̀ràn, torí ààbò.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gba ìlú míràn kọjá wọ́n kéré sí i. Ṣé kí n rà á?

Ẹ wo àwòrán ayé kí ẹ tó sanwó. Casablanca fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà: Èkó sí Casablanca sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ bíi 5,280 kìlómítà lápapọ̀. Addis Ababa kò sí lójú ọ̀nà rárá. Ìlà oòrùn ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ fún bíi 3,900 kìlómítà, kí ẹ tó wá yí padà fún bíi 5,900 míràn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Kì í ṣe pé ó burú. Ọ̀dọ́ tó ń lọ síléèwé, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, kó lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí kò gbọ́ èdè kan ju Yorùbá lọ, kí ẹ má fi í sílẹ̀ ní pápákọ̀ àjèjì fún wákàtí mẹ́jọ nítorí owó. Ẹ ra èyí tó ń lọ tààrà fún un, kí ẹ sì béèrè àga onítáyà nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í gba owó rẹ̀.

Ẹ wo iye wákàtí tí ẹ máa fi dúró níbi àyípadà náà dáadáa. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kéré jù, bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ díẹ̀, èkejì ti lọ nìyẹn.

Ṣé afẹ́fẹ́ lè mú kí lílọ yá ju bíbọ̀ lọ?

Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè réré tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ń kọjú sí i, ẹni tó ń bọ̀ ń gùn ún lẹ́yìn. Èkó sí New York jẹ́ bíi 8,440 kìlómítà, lílọ ń gba bíi wákàtí mọ́kànlá, bíbọ̀ bíi mẹ́wàá. Ti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀, torí pé gúúsù sí àríwá ni, afẹ́fẹ́ náà kàn ń gbá bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ìdí kan náà ni ìrìn Lọ́ńdọ̀nù kì í fi í da oorun yín rú. Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa gangan lórí àwòrán ayé, oòrùn kan náà ló ń ràn wá. Ẹni tó lọ sí New York yóò máa jí ní aago mẹ́ta òru fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ibo ni bàálù ń gbà kọjá?

Ó sábà máa ń gba orí Nìjẹ̀r, aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlgéríà, òkun Mẹditaréníà, àti Faransé. Bí ẹ bá rìn lọ́sàn-án, ẹ jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé. Yanrìn pupa ni ẹ máa rí fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí igi, kò sí ilé. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa láti 6 oṣù kẹjọ títí di 4 oṣù kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, bàálù ní láti yà bàrá, ìrìn sì gùn sí i.

Kí ló dé tí ibì kan fi ń sọ pé 5,000, ibòmíràn 3,100, ibòmíràn 2,700?

Ìwọ̀n kan náà ni. 5,000 jẹ́ kìlómítà, 3,100 jẹ́ máìlì orí ilẹ̀, 2,700 jẹ́ máìlì tí àwọn awakọ̀ òkun àti ti òfurufú ń lò, èyí tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 1.852 kìlómítà.

Àwọn ìlú míràn ńkọ́?

Láti Èkó: Jeddah bíi 4,200 kìlómítà. Dubai bíi 5,900. Toronto bíi 8,900, ẹ máa yí bàálù lọ́nà. Atlanta bíi 9,400.

Manchester ni ọmọ mi wà. Ṣé Lọ́ńdọ̀nù náà ni?

Rárá o, mọ̀mí. Láti Heathrow dé Manchester, bí a bá fa okùn tààrà, jẹ́ bíi 240 kìlómítà. Ẹ rántí pé iye kan náà ni Adó sí Ìkẹjà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fò tán, Adó sí Èkó míràn tún kù. Reluwé láti àárín Lọ́ńdọ̀nù máa ń dé Manchester láàárín wákàtí méjì àti díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́kọ́ kúrò ní Heathrow, ẹ ó sì tún ru ẹrù. Ẹ ní kí ọmọ wá pàdé yín.

Ẹ̀yin gan-an, tí wọ́n bá bi yín ní wákàtí mélòó, kí lẹ máa ń sọ?

Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Wákàtí méje sí Èkó. Mẹ́ta sí mẹ́rin ní pápákọ̀. Mẹ́fà àbọ̀ lókè. Ó kéré tán, wákàtí kan àbọ̀ fún ìlà páásípọ́ọ̀tù àti báàgì lọ́hùn-ún. Ìyẹn bíi wákàtí mọ́kàndínlógún, láìtíì ka Manchester.

Ṣé mo lè gbé èlùbọ́ àti epo pupa dání?

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n ó ti jẹ wákàtí ẹni púpọ̀. Báàgì kan sábà máa ń jẹ́ kílò 23. Bó bá jẹ́ 27, ẹ̀yin ni ẹ máa kúnlẹ̀ síwájú káńtà, tí ẹ máa máa yọ èlùbọ́ lápò lápò níwájú èrò tí inú ń bí. Ẹran kò wọ Ìlú Ọba, ì báà jẹ́ pọ̀nmọ́ tàbí ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ. Epo pupa, ẹ fi sínú báàgì ńlá, ẹ wé e dáadáa. Tó bá ju mílílítà 100 lọ nínú báàgì ọwọ́, wọ́n lè gbà á. A ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ báàgì ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé ẹrù yín wá kí ẹ tó lọ sí gáréèjì, ọ̀fẹ́ ni.